Ìyá Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Orí iyọ̀ ni èmi àti Mátíróònù ti kọ́kọ́ jà. Ilé ìwòsàn kékeré kan la jọ ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó tó ń la títì kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Gàrkí, nígbà tí Àbújá ṣì jẹ́ kìkì eruku pupa àti katakata. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi ní Ìbàdàn, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tún ní ohun tuntun tó fẹ́ kọ́ mi nípa iyọ̀. Obìnrin yìí ti ilẹ̀ Faransé dé, ó kéré bí ọmọ ilé ìwé, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ra iyọ̀ àti ṣúgà tó pọ̀, ó kó wọn sórí tábìlì tí mo máa ń to abẹ́rẹ́ sí.

Mo ní, "Mátíróònù, ilé ìwòsàn nìyí o, kì í ṣe ilé ìdáná."

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣu omi kò ní jáde níbẹ̀ àfi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó ti hó, tó po ó lójú òun, tó sì tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ó ní èyí tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ìyá ọmọ á dà á nù, á tún òmíràn pò. Mo bú u nínú ikùn mi dáadáa. Mo ní obìnrin yìí ti wá sọ wá di alásè. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ wọn wá ní ọwọ́ rọ ẹsẹ̀ rọ ti ń pa dà wá pẹ̀lú ọmọ tó ń sáré kiri, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà fún un, mo sì sọ fún un lẹ́nu ara mi pé mo gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra ṣúgà sí i.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Chaina. Àwọn Hausa tó ń ṣọ́ géètì á ní, "Sànnu, Baturiya," ìyẹn ni pé wọ́n ń kí i ní òyìnbó obìnrin, á dá wọn lóhùn, á sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé Kàmbódíà ni òun ti wá. Ọkọ mi, tó ń ta pákó àti paánù, bi í pé ṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe rédíò. Ó ní rárá, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ojú ti ọkọ mi díẹ̀, ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà kì í ṣe rédíò.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ní ìró Faransé, tèmi ní ìró Ògbómọ̀ṣọ́, a sì gbọ́ ara wa yé. Kò ní ọkọ, kò ní ọmọ lọ́dọ̀. Inú yàrá méjì tí ilé iṣẹ́ fún un, ìkòkò ló kún ibẹ̀: ńlá, kékeré, onídẹ, alumíníọ́mù, èyí tó ní ọmọrí àti èyí tí kò ní. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ ṣí búkà ni. Ó ní òun kàn fẹ́ràn kí òun ní ìkòkò tara òun ni. Mo gbà pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òyìnbó.

Ní ọjọ́ Sátidé a máa ń lọ sí ọjà Kuje pọ̀, torí pé ó fẹ́ràn ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn létí odò ní àdúgbò yẹn. Á ki ọwọ́ bọ inú àpò, á gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ẹyọ kan bá sì já bọ́ sílẹ̀, á tẹ̀ ba, á ṣà á. Mo máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé bó bá jẹ́ èmi ni mo ń gba owó oṣù rẹ̀, ẹyẹ ni mo máa fi ìyẹn sílẹ̀ fún. Kì í bínú sí ẹ̀fẹ̀ mi. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ní ariwo, èjìká rẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ̀n. Ohun kan tó máa ń jẹ́ kó dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà náà àwọn sójà ló wà lórí oyè, wọ́n sì ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà kí a tó wọ bọ́ọ̀sì. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí bú wọn, mi ò kì í tètè dá ẹnu dúró. Ó gbọ́ mi títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àwọn yìí ṣì ń jẹ́ kí o lọ sílé lẹ́yìn tí o bá tò tán." Ó tún kojú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ti ń retí ọmọ tipẹ́ kí n tó lóyún. Mátíróònù ló gbẹ̀bí mi. Nígbà tí ọmọ jáde, tó jẹ́ obìnrin, ó gbé e sókè, ó sọ nǹkan fún un ní èdè tirẹ̀. Mo ní kí ló sọ. Ó ní òun kàn kí i káàbọ̀ ni. Ọmọ náà dàgbà sí ẹ̀yìn mi nílé ìwòsàn, débi pé gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ó ti ń jókòó. Eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń yọ, ó sì ti fi já ọkọ mi lọ́wọ́ jẹ.

Ibà kọ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó di ọ̀sán ó ti di gìrì. Gbogbo ohun tí a ní ni Mátíróònù lò. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sinmi, àfi ìgbà tí dókítà fọwọ́ kàn án léjìká ló tó gbé ọwọ́ kúrò lára ọmọ mi. Ó yíjú sí mi. Mo mọ̀ pé ó ń dúró kí n ké.

N kò ké. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé, ìyá rẹ̀ kì í ké lé e lórí. Ọkọ mi àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e gba ọ̀nà Apo lọ, níbi tó ṣì jẹ́ igbó nígbà náà. Wọn ò sọ ojú ibẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè, torí pé ìyá kì í mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Kó tó bọ́ gèlè, ó ti kó aṣọ ọmọ, ọ̀já, abọ́ ẹ̀kọ, ohun gbogbo, ó ti fi wọ́n ta ẹnìkan lọ́rẹ níbi tí ojú mi kò ti ní tó o. Ó ní kí n má sunkún. Ó ní kí n má pe orúkọ ọmọ náà mọ́ rárá, kí ọ̀nà lè là fún èyí tó ń bọ̀.

Ìyá dáadáa ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ó ń sin omi gbígbóná fún mi, ó ń bu àmàlà sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní. Àwọn èèyàn ń wá kí wa. Wọ́n á ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á fi mọ níwọ̀n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ paánù tó ti wọ́n. Gbogbo wọn ló ń yí ẹnu gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi kọjá. Ó wá dà bí ẹni pé mi ò bí i rí. Ọ̀fun mi dí. Oúnjẹ kì í lọ, omi kì í lọ, ọmú mi sì kún, ó ń dùn mí, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé ọmọ mi ló kún dè.

Mátíróònù ń wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Á jókòó tì mí lórí ẹní. Mo ṣàkíyèsí pé ìyá ọkọ mi ló ń wò. Bí ìyá bá dìde, ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí ìyá bá tún wọlé, á gbé ojú sílẹ̀, á kó ẹsẹ̀ jọ, ara rẹ̀ á le. Obìnrin tí kì í bẹ̀rù dókítà, tí kì í bẹ̀rù ọ̀gá àwọn òyìnbó pàápàá, ń bẹ̀rù ìyá arúgbó kan tó ń ta ìyẹ̀fun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò yé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, aládùúgbò wa wọlé wá kí wa pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ sí mi. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Ìyá ọkọ mi ní, "Ó tó, ìyàwó mi. Nu ojú ẹ." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó na etí ìró rẹ̀ sí mi kí n fi nu ún.

Mátíróònù dìde dúró. Ó bá ìyá sọ̀rọ̀ tààrà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní, "Màmá, ta ló rán yín wá síbí?"

Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi mí pé kí ló wí.

Mo ní, "Ó ń kí yín ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Ẹni tó ń kíni kì í fi irú ojú yẹn kíni."

Mátíróònù di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Bi í pé ta ló ní kó máa ṣọ́ ẹ. Bi í pé ta ló máa lọ sọ fún tí o bá sunkún."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Aládùúgbò wa rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di iṣu ata yán-an-yàn-an, ó pọn ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó ní ọbẹ̀ òun wà lórí iná. Ìyá ọkọ mi ti jókòó lórí àpótí, ó ń wo àlejò yìí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n rán wá ṣọ́ ìyàwó mi? Ọmọ ọmọ mi ló kú o. Bi í, bóyá wèrè ló ń bọ̀ lára ẹ̀."

Ìyẹn ni mi ò túmọ̀. Mo sọ fún Mátíróònù pé kò sẹ́ni tó rán ìyá, pé àṣà wa ni, pé ìyá ọmọ kì í sunkún. Ó jókòó pa dà, ó ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé wọ́n ti ní kí òun náà má sunkún rí, àwọn tó sì sọ ọ́ fún òun kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀ nílé ọ̀fọ̀ ara mi, tí mo sì gbọ́ ohun tí mo ti ń bá a ṣeré lé lórí láìmọ̀.

Ó ní agbẹ̀bí lòun ní olú ìlú wọn, tíṣà ni ọkọ òun. Ogun ti wà nílùú fún ọdún púpọ̀. Lọ́dún 1975, àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú àti bàtà tí wọ́n fi táyà gé, ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wọn, wọ́n rò pé àlàáfíà ti dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kí gbogbo ìlú jáde, kí wọ́n máa lọ sí oko.

Ìyá ọkọ mi ní, "Gbogbo ìlú? Títí kan arúgbó?"

Títí kan arúgbó. Títí kan àwọn aláìsàn. Ó ní ọwọ́ òun lòun fi ti bẹ́ẹ̀dì aláboyún jáde ní ọsibítù, tí wọ́n ń tì í lọ lójú títì nínú oòrùn. Wọ́n ní fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Wọn ò pa dà.

Ó ní àwọn tó gba ìjọba kò sọ orúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹgbẹ́ ní kò sí ilé ìwé mọ́, kò sí ilé ìsìn mọ́, kò sí ọjà, kò sí owó. Ní ibi ọ̀rọ̀ owó yìí ni ìyá ọkọ mi ti dá mi dúró. Ó ní ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pa owó rẹ́, wọ́n sì pa ọjà rẹ́. Obìnrin tó ti ń tajà láti kékeré rẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Níbo làwọn èèyàn ti wá ń rí ara wọn?"

Mátíróònù ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó ní ìyẹn gan-an ni Ẹgbẹ́ kò fẹ́. Wọ́n fi dandan lé e kí gbogbo ayé wọ aṣọ dúdú. Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ gbogbo ìdílé, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dáná fún ọmọ rẹ̀ mọ́, inú gbọ̀ngàn kan ni gbogbo ènìyàn ti ń jẹ omi ìrẹsì tí ẹyọ inú rẹ̀ kò ju ohun tí ojú lè kà lọ. Èdè wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé àgbà ń jẹun, ó ní ti ọmọdé, bí a ṣe ní ẹ tí a sì ní o. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n máa lo ẹyọ kan fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ìyá rẹ̀ mọ́, Ẹgbẹ́ ni kó máa bẹ̀rù. Wọ́n pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá kàwé díẹ̀ sí i, kò dé mọ́. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀wé ni wọ́n ń wá. Ó sọ fún wọn pé òun ń ta ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, pé òun kò mọ a yàtọ̀ sí b.

Wọ́n gba ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o mọ́ àwọn ọmọdé tó ń ru yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e pa dà wá, ó ti ń ṣu omi, ojú rẹ̀ ti jìn. Àwọn ọmọdébìnrin tí kò mọ̀wé ni Ẹgbẹ́ fi ṣe nọ́ọ̀sì, ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ wọn kò yé àwọn gan-an. Mátíróònù mọ ohun tó lè gba ọmọ náà là. Iyọ̀ ni, ṣúgà ni, omi tó hó ni. Inú ilé ìdáná Ẹgbẹ́ ni iyọ̀ wà. Tó bá béèrè, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó béèrè. Ó ní ojú egbò lòun fẹ́ fi sí, wọ́n sì fún un ní ìwọ̀nba tí ìka mẹ́ta lè mú. Ó pò ó mọ́ omi ìrẹsì tirẹ̀, ó fi ń tọ́ ọ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ jù.

Mo dá ìtumọ̀ dúró níbẹ̀. Èmi tí mo sọ pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ilé ìdáná. Mátíróònù dúró dè mí títí mo fi túmọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú.

Ọmọ náà kú láàárọ̀. Ní ọ̀sán, ìyá rẹ̀ ti wà nínú omi oko, ó ń lọ́ ìrẹsì pẹ̀lú àwọn yòókù. Olórí ẹgbẹ́ iṣẹ́ wọn dúró lórí pèpéle oko, ó ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá sunkún, Ẹgbẹ́ ló ń bínú sí nìyẹn, wọ́n sì ń mú irú wọn lọ. Nítorí náà kò sunkún. Ó ní ìlà ìrẹsì òun ló gún jù nínú gbogbo oko náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n yìn ín.

Ìyá ọkọ mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Bi í pé lẹ́yìn tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ta ló bá a sunkún."

Mátíróònù ní kò sí. Nígbà tí ogun mìíràn lé Ẹgbẹ́ kúrò, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ààlà, ó wà nínú àgọ́ àwọn asásálà, àwọn Faransé mú un lọ, ó tún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ará ìlú rẹ̀ tó pàdé ló ní òkú tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráyè fún ti ẹlòmíràn.

Mo ti mọ obìnrin tó le, ṣùgbọ́n irú èyí, mi ò rí i rí. Mo wo ọwọ́ tó fi gba ọmọ mi jáde nínú mi, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin.

Ìyá ọkọ mi ní, "Sọ fún un pé èmi kì í ṣe ìjọba. Èmi náà ti sin ọmọ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá mi ló ní kí n má sunkún, ìyá tiẹ̀ náà ló sọ fún un. A ò fi ìbọn sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà wá kí ìyá má bàa tẹ̀ lé ọmọ lọ. Àánú la fi ń sọ ọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mátíróònù. Ó tẹrí ba fún ìyá, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú ojú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní ìlú rẹ̀. Ó ní òun ṣi Màmá mú, kí wọ́n má bínú.

Bó ṣe yẹ kó parí síbẹ̀ nìyẹn, gbogbo àgbà ti bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Èmi ni mi ò jẹ́ kó parí. Mo ní, "Màmá, bóyá àánú ni o, bóyá ìbọn ni o, ọ̀fun tèmi ló ń dí. Mo bí i. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ní kí n ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n." N kò fi irú ohùn yẹn bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀ rí. Ó dìde, ó wọ inú yàrá lọ.

Nígbà tí Mátíróònù tún dé lọ́jọ́ kejì, ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bi í pé kí ni wọ́n máa ń ṣe fún òkú ní ìlú rẹ̀. Mátíróònù ní lọ́dọọdún, wọ́n máa ń se ìrẹsì, wọ́n á ṣù ú ní róbótó, wọ́n á jù ú sílẹ̀ ní ìdájí fún àwọn òkú tí ebi ń pa. Ẹgbẹ́ fòfin de ìyẹn náà. Látìgbà náà òun kò ṣe é mọ́, torí òun kò mọ bí òun ṣe lè bẹ̀rẹ̀.

"Sílẹ̀ kẹ̀?" Ìyá ọkọ mi mi orí. "Ẹbọ nìyẹn, a kì í ṣe é níbí. Ọmọ tí ebi pa kú, àwọn ọmọ tí ebi ń pa la máa ń bọ́ nítorí rẹ̀. Sọ fún un pé a ó ṣe sàráà fún ọmọ rẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kó wá se é fúnra ẹ̀." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Tiẹ̀ ni o. Tiwa yàtọ̀, òkú ọ̀fọ̀ ni tiwa."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Mátíróònù kó gbogbo ìkòkò rẹ̀ dé. Gbogbo wọn. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló fi kó wọn, awakọ̀ náà bi mí pé ṣé a fẹ́ gbéyàwó ni. A dáná sẹ́yìn ilé. Ó ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Kuje fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìyá ọkọ mi rán àwọn èèyàn lọ pe ọmọdé: ọmọ àwọn Hausa tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ àwọn Gbàgyí láti abúlé tó wà lẹ́yìn wa, ọmọ àwọn bíríkìlà, ọmọ ará Ìlọrin, ọmọ ìjọ Àgùdà. Wọ́n jókòó yí àwo ká lórí ilẹ̀, wọ́n na ọwọ́ tí wọ́n ti ṣan, wọ́n ń dúró.

Ìyá fi ìborùn bo orí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní kí n bi Mátíróònù pé kí ni orúkọ ọmọ, torí pé sàráà kì í lọ láìní orúkọ.

Ó ti sọ ohun gbogbo fún wa, kò sì tíì sọ ìyẹn. Ó dúró pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ó wá sọ ọ́. Orúkọ kúkúrú ni. Ìyá ọkọ mi pè é, ó pè é tì, Mátíróònù tún un sọ fún un, wọ́n ń pè é síra wọn lẹ́nu títí tó fi dọ́gba. N kò ní kọ ọ́ síbí, àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá fi orúkọ náà bẹ Ọlọ́run pé kó bọ́ ọmọ yìí yó, kó má jẹ́ kí ebi pa á mọ́ láéláé. Àwọn ọmọdé ní àmín, wọ́n kọ lu oúnjẹ.

Mátíróònù jókòó sórí ìdí ìkòkò kan tó dojú dé, ó sunkún. Ó sunkún tariwo tariwo nínú oòrùn ọ̀sán, imú rẹ̀ ń ṣàn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ọkùnrin tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró, wọ́n bọ́ fìlà. Kò sẹ́ni tó ní kó nu ojú.

Mo rò pé ó ti tán. Mo tẹ̀ ba láti bu ìrẹsì kún àwo tó ṣófo. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyá ọkọ mi kò tíì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Èmi ló ń wò.

Ó ní, "Tiwa ńkọ́, ìyàwó mi? Kí lorúkọ rẹ̀?"

Òun gan-an ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Mo pè é. Ẹnu àwọn ọmọdé kún fún ìrẹsì, wọ́n sì ní àmín.